Ogójì Yàrá Tí Aṣílẹ̀kùn Kò Tíì Ṣí

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka oyè ọkùnrin náà fún yín, kí á lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ìwárí, Ìpínfúnni, Ìmójútó àti Ìgbéga Ibùgbé Àwọn Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé Sáàárín Wa, Ẹ̀ka Kejì. Ẹ má bi mí pé ta ni ọ̀gá Ẹ̀ka Kìíní. Kò sí Ẹ̀ka Kìíní. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fi "Kejì" kún un, kí oyè náà lè gùn dé etí pátákó.

Àwọn tó ń tò síwájú ọ́fíìsì rẹ̀ láràárọ̀ ò ráyè irú ìyẹn. Aṣílẹ̀kùn ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe pé ó ń ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni o. Kò kàn sí ohun tuntun tó lè wọ ọgbà ìjọba yẹn kí ọ̀gá wa má fi ayẹyẹ ṣí i ni. Wọ́n ra bẹ́ǹṣì, ó ṣí bẹ́ǹṣì. Wọ́n pààrọ̀ ẹnu ẹ̀rọ omi, ó ṣí ẹnu ẹ̀rọ, ó fi odindi wákàtí kan sọ̀rọ̀ nípa iyì omi, kó tó wá hàn sí gbogbo wa pé páìpù gbẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n tún ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ṣe, ó so ríbọ́nù mọ́ ọn láti àárọ̀, ó ń dúró de ayàwòrán títí ọ̀sán fi pọ́n. Ohun tí ojú àwọn òṣìṣẹ́ rí lọ́jọ́ yẹn, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ó ní àlùmọ́gàjí kan tí wọ́n fi ọ̀dà wúrà kùn. Orí ìrọ̀rí ni àlùmọ́gàjí náà ń sùn, ìrọ̀rí aláṣọ pẹlẹbẹ tó ní wajawaja létí. Ní ilé ìgbàlejò tí wọ́n ń kó àwọn tó wá sádi ìlú náà sí, ọmọ mẹ́ta ló ń pín ìrọ̀rí kan.

Ó dáa. Ní ọ̀kánkán fèrèsé ọ̀gá wa, lódìkejì títì, ilé alájà mẹ́rin kan wà. Ogójì yàrá ló wà níbẹ̀. Ó ní fèrèsé tó ń tì dáadáa, omi ń yọ, iná ń tàn. Ìjọba kọ́ ọ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n sì dá owó ilé rẹ̀ sí iye tí ẹni tí kò tíì níṣẹ́ lè san. Ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá tí wọ́n ti kọ́ ọ tán. Oṣù mẹ́rìnlá náà ni ríbọ́nù pupa kan ti wà lójú ilẹ̀kùn rẹ̀, láti òpó sí òpó, nítorí Aṣílẹ̀kùn ti pinnu pé ilé tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, òun nìkan ò tó í ṣí. Àfi kí Alága wá láti olú ọ́fíìsì. Alága, obìnrin tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín, ti dá ọjọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ní àkọ́kọ́, ọ̀fìnkìn mú un. Ní ìkejì, ìpàdé bọ́ sí i. Ní ìkẹta, Aṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀ ló sún un síwájú, ó ní oòrùn ti jẹ́ kí ríbọ́nù ṣá.

Àmọ́ olú ọ́fíìsì ò yéé kọ̀wé: ìdílé mélòó ló ti rí yàrá gbà? Ṣé ó lè kọ ọ́ pé kò sí? Ẹnu tó ń pe oyè gígùn báyẹn ò lè pe "kò sí." Ló bá dá ayẹyẹ kan sílẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ Ọjọ́bọ̀: Ayẹyẹ Ìfikọ́kọ́rọ́léni-lọ́wọ́. Wọ́n á mú ìdílé kan láti orí ìlà, ọ̀gá á fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ yàrá kan nínú ilé náà, wọ́n á ya àwòrán, wọ́n á fi àwòrán ránṣẹ́ sí olú ọ́fíìsì, wọ́n á sì gba kọ́kọ́rọ́ padà "títí di Ọjọ́ Ìṣílé."

Ìwé òfìfo ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán àwòrán wò kí Ọjọ́bọ̀ kìíní tó pé. Aṣílẹ̀kùn wo àwòrán náà, inú rẹ̀ ò dùn.

"Ìwé yìí funfun jù. Ó ń bu ìbuwọ́lùwé mi kù."

"Ìwé àdéhùn ilé gidi ló kù, sà," ni akọ̀wé rẹ̀ sọ. Obìnrin tó ku ọdún kan kó fẹ̀yìn tì ni, ó so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ okùn lọ́rùn. "Ṣùgbọ́n sà, ẹ rò ó dáadáa o. Bí ẹ bá fọwọ́ sí ìyẹn, tí ẹ lu òǹtẹ̀, ó ti di òótọ́ nìyẹn."

"Akọ̀wé, ta ló ń ka ìwé níbi tí wọ́n ti ń yàwòrán?"

Akọ̀wé dìde. Ó lọ tẹ ìwé àdéhùn ogójì.

*

Lára àwọn tó ń tò síta ni obìnrin kan wà tí gbogbo ìlà ń pè ní Ìyálọ́mọ. Ó gbé ọmọbìnrin olóṣù mẹ́jọ kan pọ̀n, ọmọ náà rọ́bọ́tọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún bámú, ṣùgbọ́n ó ń wúkọ́. Ìlú tí ìbọn ti ń dún ni Ìyálọ́mọ ti sá wá. Aádọ́rùn-ún ọjọ́ ni wọ́n ń gba èèyàn láyè ní ilé ìgbàlejò, tìrẹ̀ sì ti ku mọ́kànlá. Bí ọjọ́ bá pé tí kò rí yàrá, àgọ́ aláṣọ tó wà ní pápá lẹ́yìn ìlú ni wọ́n ń kó wọn lọ. Nọ́ọ̀sì tó yẹ ọmọ wò ti wò ó lójú: "Ìyá ọmọ, gbọ́ mi dáadáa. Àyà ọmọ yìí ò lè gba òtútù. Má jẹ́ kó sùn nínú àgọ́." Láti ìgbà yẹn ni Ìyálọ́mọ ti ń ka ọjọ́ bí ẹni ń ka oògùn.

Ẹ má rò pé kò wá ilé fúnra rẹ̀. Ó wá a, bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ òsì tó ti jẹ tán nídìí ló lè jẹ́rìí. Ìyá onílé kan yọjú láti ẹnu ọ̀nà, ó rí ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ó fà sẹ́yìn.

"Ọmọ? Rárá o. Ọmọ a máa sunkún."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, gbogbo wa la ṣọmọ rí."

"Èmi ò sunkún," ni ìyá onílé wí, ó sì tilẹ̀kùn.

Ajẹ́ǹtì kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi bàtà ẹlẹ́nu ṣóńṣó rìn, mú un lọ wo "yàrá ìgbàlódé." Abẹ́ àtẹ̀gùn ni. Bẹ́ẹ̀dì kan wà níbẹ̀, kò sí nǹkan míì, torí kò sí ibi tí nǹkan míì ìbá gbà wọlé. Bí ẹnìkan bá ń gun àtẹ̀gùn, eruku á máa bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Fèrèsé dà?"

"Fèrèsé?" Ajẹ́ǹtì wò ó tìyanu-tìyanu. "Àǹtí, ẹ̀yin náà fẹ́ràn fàájì o."

Iye tó pè é ju gbogbo owó tí ìjọba ń fún un lóṣù lọ. Ó tún ní kó mú onídùúró mẹ́ta wá, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹ́ onílé.

"Búọ̀dá," ni Ìyálọ́mọ wí, "bí mo bá mọ onílé mẹ́ta nínú ìlú yìí, ṣé abẹ́ àtẹ̀gùn yín ni mo máa wá?"

Bó ṣe padà sí orí ìlà nìyẹn. Ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ni Bàbá Télọ̀, àgbàlagbà kan tó ṣì gbé okùn ìwọ̀nṣọ kọ́ ọrùn bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ti kù sílé ọ̀hún.

"Ọmọ mi," ni Bàbá Télọ̀ wí, "èmi ti gba kọ́kọ́rọ́ o. Yàrá kẹtàdínlógún. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ́wọ́ mi."

"Ẹ wá dá a padà?"

"Wọ́n gbà á. Àmọ́ àwòrán mi ti dé olú ọ́fíìsì. Ó ṣeé ṣe kí àwòrán mi ti máa sùn síbì kan."

Ìyálọ́mọ fi ìka ṣírò ọjọ́ rẹ̀ ní ilé ìgbàlejò. Ó ku ọjọ́ márùn-ún péré nígbà yẹn. Kó tó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ayàwòrán ọ́fíìsì ti ń bọ̀ lórí ìlà, ó ń wo ojú bí ẹni ń ra tòmátì.

"Ẹ̀yin yẹn! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pọnmọ! Ọmọ yẹn lẹ́rẹ̀kẹ́. Ọ̀gá ní òun fẹ́ ọmọ ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ fún yàrá ogójì, èyí tó kẹ́yìn. Ẹ bọ́ síta."

*

Gbọ̀ngán kún. Àwọn òṣìṣẹ́ ti tò, torí òfin ọ́fíìsì ni pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, ìbáà jẹ́ pé iná ń jó, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kì í ní gbólóhùn mẹ́ta kó tó dórí ọ̀rọ̀. Igbákejì rẹ̀, ọkùnrin tínínrín kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ nítorí ìforíbalẹ̀, ló ṣáájú.

"Ọ̀gá tó ń ronú nígbà tí a ń sùn!"

"Bẹ́ẹ̀ ni!"

"Ọ̀gá tí òjìji rẹ̀ tó òrùlé!"

"Bẹ́ẹ̀ ni!"

"Ọ̀gá tó jẹ́ pé bó bá wúkọ́, ìlànà ló wú jáde!"

Aṣílẹ̀kùn gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tí ìyìn ń ni lára. Kò ni ín lára.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi! Mo bi yín léèrè: kí ni ilé? Ilé kì í ṣe ògiri! Ilé kì í ṣe òrùlé! Mo tún ń sọ ọ́, ilé kì í ṣe ilẹ̀kùn!"

"Ó ti kó gbogbo rẹ̀ tán," ni Bàbá Télọ̀ sọ sí etí ẹni tó wà nítòsí rẹ̀. "Kí ló kù tó fẹ́ fún wa?"

"Ilé jẹ́ ìrètí! Ilé jẹ́ ìran! Ilé jẹ́ ẹ̀mí ìfaradà! Ní ti ìfaradà, mo ti fi oṣù mẹ́rìnlá pèsè rẹ̀ fún yín lọ́pọ̀ yanturu!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó fọwọ́ síwèé. Ẹ bá mi wo ìbuwọ́lùwé náà o: ìkọ́ mẹ́ta, ìlà àfàgùn kan, àmì kan tó jọ adé, àti kókó kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀. Ó lu òǹtẹ̀ gbàà. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ sókè, ó yíjú sí ayàwòrán, ó rẹ́rìn-ín, ó na ìwé sí Ìyálọ́mọ.

"Ó yá, fọwọ́ sí i."

Ìyálọ́mọ gba ìwé náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹni mọ́kàndínlógójì ti dúró níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, gbogbo wọn fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyálọ́mọ ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbà tí wọ́n ń ṣe nínú yàrá ìdáná ilé ìgbàlejò, olùkọ́ ibẹ̀ sì ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri pé: KÀ Á TÁN KÍ O TÓ FỌWỌ́ SÍ I. Ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ kìíní. Ètè rẹ̀ ń mì. Ó kúrò lórí ọ̀rọ̀ kìíní, ó dé ìkejì.

Aṣílẹ̀kùn ṣì ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá. Ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ní igun ẹnu. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, ọwọ́ tó fi gbé kọ́kọ́rọ́ sókè ti ń já wá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, Igbákejì sì bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni Ìyálọ́mọ wí nígbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ tínrín. "Ibí yìí, wọ́n ní ayálégbé yóò máa gbé inú yàrá náà láti ọjọ́ tí ọ̀gá bá ti fọwọ́ síwèé. Ọjọ́ wo nìyẹn, sà?"

Akọ̀wé yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Igba èèyàn ló ń wo ẹnu ọ̀gá. Kámẹ́rà sì ń wò ó pẹ̀lú. Kí lẹ fẹ́ kí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ sọ níwájú kámẹ́rà? Kó ní "a ò tíì mọ̀"?

"Òní!" ni Aṣílẹ̀kùn ké. "Lónìí gan-an! Lábẹ́ àkóso mi, kò sí ohun tó ń jẹ́ ọ̀la!"

Òrùlé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí fún àtẹ́wọ́. Ìyálọ́mọ fọwọ́ síwèé. Ọmọ na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, ó já kọ́kọ́rọ́ gbà, ó kì í bọnu.

*

Ní kọ́rídọ̀, akọ̀wé wá gba kọ́kọ́rọ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe.

"Ìyá ọmọ, ó ti tó. Mú un wá."

"Mà, ọ̀gá ní òní."

"Kámẹ́rà ló ń bá sọ̀rọ̀."

"Ṣé kámẹ́rà náà ló fọwọ́ síwèé ni, mà?" Omi ti dé ojú rẹ̀. "Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí wọ́n kó wa lọ sí àgọ́. Ọmọ ń wúkọ́. Ẹ gbé etí yín sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ gbọ́ ọ."

Akọ̀wé ò gbé etí sí ẹ̀yìn ọmọ. Ó ń gbọ́ ọ láti ibi tó dúró sí. Ó wo ìwé tó fúnra rẹ̀ tẹ̀, ó wo òǹtẹ̀, ó wo ọmọ tó ń da itọ́ sórí kọ́kọ́rọ́.

"Èmi ò rí kọ́kọ́rọ́ kankan o," ló wí. "Mo rí nǹkan lẹ́nu ọmọ, n kì í sì í ti ọwọ́ bọ ẹnu ọmọ ọlọ́mọ." Ó yí padà, ó tún dúró. "Ríbọ́nù ojú ilẹ̀kùn yẹn, má dán an wò kí o gé e o. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni, ọ̀gá ti kọ ọ́ sínú ìwé òfin. Mo ti ka ìwé òfin náà láti orí dé ìdí. Kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá."

Ìyálọ́mọ lọ kó ẹrù rẹ̀: báàgì kan, ìkòkò kan, bùláńkẹ́ẹ̀tì kan. Nígbà tó máa fi jáde, wọ́n ti fún ẹlòmíì ní bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Kò sí ibi tó lè padà sí mọ́. Ó sọdá títì. Aṣọ́nà ilé náà dá a dúró, ó gba ìwé, ó rí ìbuwọ́lùwé oníkókó yẹn, ó kí ìwé náà bí wọ́n ṣe ń kí ṣọ́jà. Ìyálọ́mọ bẹ̀rẹ̀, ó di orí ọmọ mú, ó gba abẹ́ ríbọ́nù wọlé.

Àjà kẹrin ni yàrá ogójì wà. Ilẹ̀ rẹ̀ tutù, ó mọ́, àmì ìka àwọn tó kun ọ̀dà ṣì wà lára gíláàsì. Ó ti fèrèsé, afẹ́fẹ́ dúró. Ó ṣí ẹ̀rọ, omi yọ, ó kọ́kọ́ pọ́n bí ìpẹtà, lẹ́yìn náà ó mọ́. Ó jókòó sílẹ̀ lójú ibẹ̀, ó ń wo omi bó ṣe ń ṣàn dànù, títí ó fi rántí pé ó yẹ kóun tì í.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Télọ̀ lọ bá akọ̀wé. "Ọmọ mi, èmi náà níwèé o." Akọ̀wé wo òǹtẹ̀. "Ìwé ọ̀gá mi nìyí lóòótọ́," ló wí, "ta ni mí tí n óò fi bá ọ̀gá mi jiyàn?" Ó ṣí dúróọ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yẹn fi máa parí, kọ́kọ́rọ́ ti tán nínú dúróọ̀, ogójì ìdílé ti bẹ̀rẹ̀ gba abẹ́ ríbọ́nù kọjá, pẹ̀lú mátírẹ́ẹ̀sì, pẹ̀lú báàfù, pẹ̀lú ìyá àgbà kan tí ẹ̀yìn ń dùn tí wọ́n fi àga gbé kọjá ní ìdùbúlẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gé ríbọ́nù. Ọmọlúàbí ni wọ́n.

*

Ẹ ó béèrè pé ṣé Aṣílẹ̀kùn ò gbọ́ ni? Aṣọ́nà gbìyànjú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ sọ fún un.

"Ọ̀gá tó ń ronú nígbà tí a ń sùn," ni aṣọ́nà bẹ̀rẹ̀, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, "ọ̀gá tí òjìji rẹ̀ tó òrùlé, ọ̀gá tó jẹ́ pé bó bá wúkọ́..."

"Ó tó, ó tó!" ni Aṣílẹ̀kùn wí, ojú rẹ̀ ń dán. "O sọ ọ́ dáadáa. Irú ìròyìn tí mo fẹ́ máa gbọ́ nìyí. Máa lọ."

Lẹ́ẹ̀kejì, aṣọ́nà sáré kì í kí ó má bàa dá a dúró, ló bá ní "ọ̀gá tó ń sùn nígbà tí a ń ronú." Wọ́n gé owó ọ̀sẹ̀ kan nínú owó oṣù rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó kì í tán, ó mí kanlẹ̀, ọ̀gá sì ti sùn. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ yọjú lójú fèrèsé lọ́jọ́ kan. Ó ń kọ́ ọ̀rọ̀ tó máa sọ lọ́jọ́ ìṣílé sórí, torí Alága ti dá ọjọ́ kẹrin, ó sì dà bí ẹni pé eléyìí á ṣẹ. Ó rí aṣọ lóríṣiríṣi lórí okùn ní àjà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Igbákejì, kí nìyẹn?"

Igbákejì wò ó. Igbákejì mọ ohun tó rí. Ó tún mọ iye ọdún tó kù kó di ọ̀gá.

"Àsíá ni, sà. Àwọn ará ìlú ló ń ta àsíá nítorí yín."

"Àwọn funfun kéékèèké tó wà lókè pátápátá yẹn ńkọ́?"

Ìtẹ́dìí ọmọ Ìyálọ́mọ nìyẹn.

"Àsíá àlàáfíà, sà."

Omi bọ́ lójú Aṣílẹ̀kùn. Ó ní kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀.

*

Ọjọ́ ìṣílé pé. Àga tò lójú títì, Alága dé nínú aṣọ tí kò ní ọ̀ṣọ́ kankan, fáìlì kan wà lábíyá rẹ̀. Wọ́n gbé àlùmọ́gàjí jáde lórí ìrọ̀rí. Àwọn ará ilé wà nínú yàrá wọn, wọ́n ń múra iṣẹ́ àti ilé ìwé. Ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n síbi ayẹyẹ.

"Màmá Alága, ẹ̀yin èèyàn pàtàkì!" Aṣílẹ̀kùn ti ń sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀. "Ilé yìí mọ́ bí ọjọ́ tí wọ́n dá ayé! Ẹnikẹ́ni ò sùn nínú rẹ̀ rí! Ẹnikẹ́ni ò rín nínú rẹ̀ rí! Kò tíì sí èémí ẹ̀dá kan tó fọwọ́ kan ògiri rẹ̀!"

Òórùn àlùbọ́sà díndín gba ojú fèrèsé jáde. Alága gbé imú sókè.

"Ta ló wà ní balùwẹ̀ o?" ni ohùn obìnrin kan ké láti àjà kejì. "Ẹ jáde jàre, iṣẹ́ ti ń pẹ́ mi!"

"Kí nìyẹn?" ni Alága béèrè.

"Afẹ́fẹ́ ni, Màmá. Ilé tó ṣófo a máa dún báyẹn."

Alága gé ríbọ́nù. Kí ó tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ṣí láti inú, Bàbá Télọ̀ yọ tòun ti báàfù omi ìfọṣọ.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ dákun, ẹ yà díẹ̀, kí omi má ta sí yín lára."

Ọmọ ilé ìwé mẹ́fà tẹ̀lé e jáde. Lẹ́yìn wọn ni ìyá àgbà ẹlẹ́yìn dídùn, tó bi Aṣílẹ̀kùn bóyá òun ni wọ́n rán wá tún gílóòbù kọ́rídọ̀ ṣe.

Ojú Aṣílẹ̀kùn pọ́n, ó funfun, ó tún pọ́n. "Àwọn ajílégbé! N kò mọ̀ wọ́n rí! Ẹ̀ṣọ́, ẹ kó wọn síta! Ẹ da ẹrù wọn sójú títì báyìí!"

Ìyálọ́mọ ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ lórí àtẹ̀gùn nígbà náà. Ọ̀rọ̀ yẹn bá a ní ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan lókè. Ó rí ẹ̀ṣọ́ méjì tó ń bọ̀. Ó rí pápá, ó rí àgọ́, ó gbọ́ ikọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tó lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ sá padà sókè. Ṣùgbọ́n òkè ọ̀hún kò ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó sọ̀kalẹ̀ dé iwájú Alága, ó kúnlẹ̀ tọmọ-tọmọ.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ wọlé?" ni Alága bi í.

"Òun ni, mà." Ó fa ìwé yọ láti inú ọ̀já. Ó kà á sókè láti ìlà kìíní dé ibi tí òǹtẹ̀ wà, kò sì ṣì í. Nígbà tó parí, ó fi kún un pé, "Kókó tó wà nísàlẹ̀ yìí nìkan ni n ò lè kà, mà."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Alága ò rín. Ó ṣí fáìlì abíyá rẹ̀. Àwòrán ogójì ló wà níbẹ̀. Ó fa èyí tó gbẹ̀yìn yọ: ọmọ ẹlẹ́rẹ̀kẹ́, kọ́kọ́rọ́, àti Aṣílẹ̀kùn tí wọ́n ń ti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ láti ẹ̀yìn.

"Ọ̀gá," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "ìròyìn tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sọ pé ogójì ìdílé ti ń gbé ilé yìí, àkọ́kọ́ wọn láti nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn. Lónìí ẹ ní ẹnikẹ́ni ò sùn níbẹ̀ rí. Bó bá jẹ́ ìròyìn ló jóòótọ́, kí la wá ń ṣí? Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tòní, kí lẹ ń kọ ránṣẹ́ sí mi? Ẹ mú ọ̀kan."

Ẹ jẹ́ ká ṣàánú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Ó tó. Ọ̀nà àbáyọ wà níwájú rẹ̀, gbalaja: kó ní òótọ́ ni, Màmá, wọ́n ń gbé ibẹ̀, ojú yín náà rí wọn, ayẹyẹ lásán la ń ṣe. Igbákejì ń ṣẹ́jú fún un. Akọ̀wé ń ṣẹ́jú fún un. Ṣùgbọ́n ó wo àga tó tò, ó wo ayàwòrán, ó wo ríbọ́nù tó gé sí méjì lẹ́yìn oṣù mẹ́rìnlá, ọkàn rẹ̀ ò gbà. Kí wọ́n pe ìṣílé òun ní àwàdà?

Ó na àyà. "Màmá Alága, ìṣílé yìí ni òótọ́! Òun ni òótọ́ pọ́ńbélé! Àwọn ìròyìn yẹn, ìwé lásán ni wọ́n. Ogójì ìgbà ni mo fúnra mi fọwọ́ sí wọn, kò sì sí ìkankan tó jóòótọ́ níbẹ̀!"

Igbákejì rọra gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, ó gbé ìkejì, ó wọ àárín èrò lọ.

"Ó túmọ̀ sí pé," ni Alága wí, "omi ń yọ nínú ilé yìí, iná ń tàn, ọmọdé sì ń sùn nínú pápá fún oṣù mẹ́rìnlá, nítorí àlùmọ́gàjí." Ó gbé àlùmọ́gàjí padà sórí ìrọ̀rí rẹ̀. Ó wo àwọn ẹ̀ṣọ́ títí wọ́n fi padà síbi tí wọ́n wà. "Ìwọ ọmọ yìí, dìde nílẹ̀. Òǹtẹ̀ ìjọba ló wà lórí ìwé yín. Ẹ máa gbé ilé yín."

Wọn ò lé Aṣílẹ̀kùn níṣẹ́. Ìjọba kì í fi bẹ́ẹ̀ lé èèyàn tóyè rẹ̀ gùn. Wọ́n gé oyè náà ku ọ̀rọ̀ méjì, wọ́n sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì kan nínú ilé gíláàsì ńlá kan láàárín ìlú, níbi tí ilẹ̀kùn ti ń ṣí fúnra rẹ̀ bí èèyàn bá ti sún mọ́ ọn. Ó kọ̀wé sí wọn pé ẹ̀tàn ni irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Wọn ò tíì dá a lóhùn.

*

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n kan ilẹ̀kùn yàrá ogójì gbàgbàgbà. Ìyálọ́mọ dìde. Nínú gbogbo ibi tó ti gbé láti ọdún kan, wọn kì í kan ilẹ̀kùn báyẹn àyàfi kí wọ́n fẹ́ kí èèyàn máa lọ. Ó wo ọmọ, ó wo báàgì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó lọ ṣí i.

Obìnrin àjà kẹta ni, aṣọ ìdìrí ti yẹ̀ lórí rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí.

"Ṣé ìwọ lo ni yàrá yìí?"

Ẹnikẹ́ni ò bi í ní irú ìbéèrè yẹn rí.

"Èmi ni."

"Ẹni tí mo ń wá gan-an nìyẹn! Ọmọ rẹ ń lu ìdérí ìkòkò lórí àjà mi láti àárọ̀, gbì-gbì-gbì, orí mi fẹ́ là! Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe. Irú ìyà wo nìyí? Bí kò bá dáwọ́ dúró, mo máa lọ fẹjọ́ onílé yàrá ogójì sùn ní ọ́fíìsì. Mo máa kọ ọ́ sílẹ̀!"

"Ẹ má bínú, àǹtí."

"Mo máa kọ nọ́ńbà yàrá rẹ síbẹ̀!"

"Ogójì ni, mà," ni Ìyálọ́mọ wí. "Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà. Ẹ ní èmi ni."

Obìnrin náà wò ó bóyá orí rẹ̀ pé, ó pòṣé, ó sọ̀kalẹ̀ lọ. Ìyálọ́mọ tilẹ̀kùn. Ó fẹ̀yìn tì í, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ká bùláńkẹ́ẹ̀tì sí mẹ́rin, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ láàárín yàrá, ó gbé ọmọ lé e, ó sì fi ìdérí ìkòkò lé e lọ́wọ́.

"Rọra lù ú o," ló wí. "Èèyàn ń sùn nísàlẹ̀ wa."